Ta Ni Ó Ni Wákàtí Tí Ẹ̀rọ Dín Kù?



Ní ọ́fíìsì, ní báńkì, ní ilé-ìwé, ní ilé ìwòsàn, àní ní ibùdókọ̀ tí ẹ ti ń dúró de ọkọ̀ òwúrọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni à ń gbọ́ láti ìgbà díẹ̀ wá. Wọ́n ní: ẹ̀rọ kọ́ ni yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ, ẹni tí ó mọ ẹ̀rọ lò ni yóò gbà á. Bí wọ́n bá ti dẹ́rù bà yín tán, wọn a kó ìwé pélébé kan lé yín lọ́wọ́. Ìbéèrè ogójì tàbí àádọ́ta ni ó wà nínú rẹ̀, tí ẹ lè máa bi àwọn ẹ̀rọ inú fóònù àti kọ̀ǹpútà tí ń kọ ìdáhùn bí ènìyàn, irú bí ChatGPT, Gemini àti Copilot, kí èrò yín lè tò, kí iṣẹ́ yín lè yá, kí ẹ lè fi ọjọ́ kan ṣe iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀rọ adáhùn ni a óò máa pè wọ́n nínú ìwé yìí.

A kò wá sọ pé kí ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án. Òṣìṣẹ́ tí ó sá fún irinṣẹ́ tuntun kò tíì fi sísá gba ara rẹ̀ là. Ohun tí a bá wọn jà sí ni gbólóhùn kékeré tí wọ́n máa ń rọra fi bọ inú ẹ̀kọ́ náà: "fún ìlọsíwájú ara rẹ". Ara ta ni? Nígbà tí ẹ̀rọ bá mú iṣẹ́ yá, èrè rẹ̀ kì í dé ọwọ́ òṣìṣẹ́ àfi bí ẹgbẹ́ bá bá a gbà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rọ bá parọ́, ẹ̀bi náà ti òṣìṣẹ́ ni, òun nìkan. Ìlú Johannesburg ní Gúúsù Áfíríkà ni a óò fi ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ méjèèjì ti fara hàn kedere jù lọ ní ilẹ̀ Áfíríkà wa: ti èrè nínú kòtò góòlù, ti ẹ̀bi nínú ilé-ẹjọ́.

Góòlù ni ó tẹ Johannesburg dó ní ọdún 1886. Títí di òní, àwọn tí ń sọ èdè Zulu ń pe ìlú náà ní eGoli, ibi góòlù. Ní ìbẹ̀rẹ̀, òòlù àti irin ṣóńṣó ni awakùsà fi ń lu àpáta. Nígbà tí ó yá, ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ alágbára ń tì bẹ̀rẹ̀ sí í lu àpáta náà. Iná mànàmáná dé, kòtò ń jìn sí i, góòlù tí ń jáde ń pọ̀ sí i. Ní ọdún 1970, góòlù tí Gúúsù Áfíríkà wà tó 1,000 tọ́ọ̀nù. Kò sí orílẹ̀-èdè tí ó tíì wa iye bẹ́ẹ̀ láàrin ọdún kan.

Ẹ jẹ́ kí a wo owó-iṣẹ́ wàyí. Francis Wilson, onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé, ṣírò owó àwọn awakùsà góòlù láti 1911 títí dé 1969, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1972. Bí a bá yọ ọ̀wọ́n ọjà kúrò nínú ìṣirò náà, owó tí awakùsà adúláwọ̀ ń gbà ní 1969 kò ju èyí tí bàbá rẹ̀ gbà ní 1911 lọ. Ọdún 58 gbáko! Ọmọ jogún iṣẹ́ bàbá, ọmọ ọmọ náà bá wọn sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò, irinṣẹ́ sì yí padà lójú gbogbo wọn. Ọwọ́ yá, góòlù pọ̀, owó dúró sójú kan.

Ẹnìkan lè wí pé òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni ó fà á, pé kì í ṣe ẹ̀rọ. Òótọ́ ni, ohun tí a sì ń sọ gan-an nìyẹn. Ẹ̀rọ kì í pín èrè. Ẹni tí ó lágbára níbi iṣẹ́ ni ó ń pín in, ẹni náà a sì máa pín in bí agbára rẹ̀ bá ti tó. Àwọn awakùsà mọ èyí. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1946, ọdún kan péré lẹ́yìn ìdaṣẹ́sílẹ̀ gbogbogbòò ti 1945 tí orúkọ Michael Imoudu so mọ́ ní ilẹ̀ wa níbí, àwọn awakùsà tí ó lé ní 60,000 pa iṣẹ́ tì ní agbègbè Johannesburg, lábẹ́ ẹgbẹ́ tí J. B. Marks ṣe ààrẹ rẹ̀. Ṣílè mẹ́wàá lójúmọ́ ni wọ́n béèrè. Ọlọ́pàá fi kóńdó àti ìbọn lé wọn padà sínú kòtò. Ó kéré tán, ènìyàn 9 ni ó kú. Ó di ọdún 1982 kí àwọn awakùsà adúláwọ̀ tó tún ní ẹgbẹ́ ńlá tí ó dúró ṣinṣin, ìyẹn National Union of Mineworkers. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1987, ẹgbẹ́ yìí da iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọn kò rí gbogbo ohun tí wọ́n béèrè, wọ́n sì lé ọ̀kẹ́ àìmọye kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, kò sí onílé-iṣẹ́ góòlù kan tí ó lè ṣe bí ẹni pé kò sí ẹnì kankan níwájú òun.

Ẹ wá fi èyí wé tábìlì tìrẹ, ìwọ òǹkàwé. Ká sọ pé akọ̀wé ni ọ́, lẹ́tà 10 ni ò ń kọ lójúmọ́. O kọ́ bí a ti ń bi ẹ̀rọ adáhùn ní ìbéèrè, lẹ́tà di 20. Ní oṣù kìíní, o parí iṣẹ́ ní aago méjì, o nà ẹ̀yìn díẹ̀, inú rẹ dùn. Ní oṣù kejì, ọ̀gá ṣàkíyèsí. Ní oṣù kẹta, lẹ́tà 20 di ìwọ̀n tí gbogbo ọ́fíìsì gbọ́dọ̀ kọ. Ní oṣù kẹrin, wọ́n pe ẹni tí ó jókòó ní ọwọ́ òsì rẹ, wọ́n ní kò sí iṣẹ́ tí ó tó fún ènìyàn méjì mọ́. Owó-oṣù tìrẹ ńkọ́? Iye tí ó jẹ́ ní oṣù kìíní ni ó ṣì jẹ́. Níbo ni "ìlọsíwájú ara rẹ" wà nínú ìtàn yìí?

Èyí tí ó burú jù ni pé irinṣẹ́ ọ̀hún, àpò ara rẹ ni o ti lè fi rà á. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ OpenAI gbé ẹ̀yà ChatGPT tí à ń sanwó fún jáde ní 2023, 20 dọ́là lóṣù ni wọ́n pè é. Ẹ ṣẹ́ ẹ sí náírà, kí ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ 70,000 náírà tí ó di owó-oṣù tí ó kéré jù lọ ní Nàìjíríà ní 2024. Ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ lọ. A kò tíì gbọ́ pé awakùsà ra ẹ̀rọ ìlu-àpáta fúnra rẹ̀ rí kí ó lè bá ọ̀gá wa góòlù!

Èrè nìyẹn. Ó ku ẹ̀bi.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ẹjọ́ kan parí ní ilé-ẹjọ́ Regional Court ti Johannesburg. Obìnrin kan ni ó pe àwọn tí ń ṣe àkóso ilé alájọgbé rẹ̀ lẹ́jọ́ pé wọ́n bà á lórúkọ jẹ́. Àwọn amòfin rẹ̀ nílò ẹjọ́ àtijọ́ tí yóò ti ọ̀rọ̀ wọn lẹ́yìn, wọ́n sì bi ChatGPT. Ẹ̀rọ náà kò jáfara: ó to orúkọ ẹjọ́ sílẹ̀, ó fi ọdún sí i, ó fi nọ́ńbà ìwé sí i. Àwọn amòfin ẹnìkejì wá àwọn ẹjọ́ náà títí, wọn kò rí wọn. Ẹnì kankan kò lè rí wọn, nítorí pé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kò wáyé rí. Adájọ́ gbà pé kì í ṣe pé wọ́n dìídì fẹ́ tan ilé-ẹjọ́ jẹ, pé ìtara àti àìfarabalẹ̀ ni. Síbẹ̀ ó pàṣẹ owó ẹjọ́ tí ó le, ó sì wí pé ìtìjú tí ó bá wọn ti tó ìyà fún wọn.

Ṣé wọ́n kọ́gbọ́n? Ní ọjọ́ 8 oṣù kìíní ọdún 2025, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní ìlú Pietermaritzburg, ní ilé-ẹjọ́ gíga ti KwaZulu-Natal. Ẹjọ́ 9 ni amòfin tọ́ka sí. 2 péré ni adájọ́ rí nínú wọn. Adájọ́ náà fúnra rẹ̀ gbé ọ̀kan nínú àwọn ẹjọ́ tí kò sí náà lọ síwájú ChatGPT, ó bi í bóyá ó wà. Ẹ̀rọ dá a lóhùn pé ó wà. Ta wá ni ó ṣe ìwádìí náà ní ilé-iṣẹ́ amòfin ọ̀hún? Akẹ́kọ̀ọ́ṣẹ́ amòfin ni, ẹni tí ipò rẹ̀ kéré jù lọ nínú ilé. Adájọ́ kò jẹ́ kí ọ̀gá fi akẹ́kọ̀ọ́ṣẹ́ bojú: ó ní kí ilé-iṣẹ́ náà san lára owó ẹjọ́, ó sì ní kí a gbé ọ̀rọ̀ wọn lọ síwájú ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso àwọn amòfin. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbẹ̀, nítorí pé ní ibi iṣẹ́ tiwa, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni adájọ́ máa ń wà nítòsí láti béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá.

Ọ̀ràn kẹta dé ilé-ẹjọ́ gíga ti Johannesburg, ìdájọ́ rẹ̀ sì jáde ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 2025. Ilé-iṣẹ́ tí ń tọ́jú góòlù ni ó pe àjọ ìjọba tí ń bójú tó dáyámọ́ńdì àti irin olówó iyebíye lẹ́jọ́. (Góòlù kò tán lẹ́nu ìlú yìí!) Ẹ̀rọ tí àwọn amòfin lò níbẹ̀ kì í ṣe ChatGPT lásán. Ẹ̀rọ tí wọ́n polówó rẹ̀ ni, pé òfin àti ìdájọ́ Gúúsù Áfíríkà nìkan ni wọ́n fi kọ́ ọ. Òun náà hun ẹjọ́ tí kò sí. Nígbà tí adájọ́ sì béèrè ohun tí ó fà á, ìdáhùn wọn ni pé iṣẹ́ náà jẹ́ kánjúkánjú, àkókò kò sí. Adájọ́ rán àwọn náà lọ síwájú ìgbìmọ̀ amòfin.

Àkókò kò sí! Ẹ gbọ́ ohun tí a ń wí. Wọ́n ní ẹ̀rọ yóò fún wa ní àkókò. Àwọn wọ̀nyí lo ẹ̀rọ, síbẹ̀ wọn kò rí àkókò tí wọn yóò fi ka ohun tí ẹ̀rọ kọ. Ibo ni àkókò náà lọ? Iṣẹ́ mìíràn ni ó ti gbé e mì. Bí ọ̀gá bá gba gbogbo wákàtí tí ẹ̀rọ dín kù, wákàtí tí òṣìṣẹ́ nílò láti yẹ iṣẹ́ ẹ̀rọ wò náà ti bá a lọ nìyẹn, ẹ̀bi tí yóò tẹ̀lé e sì ti wà lójú ọ̀nà. Nínú ẹjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ̀rọ tí a pè wá sọ tẹnu rẹ̀. Ẹni tí ó fọwọ́ sí ìwé ni ó ru ẹrù. Amòfin kì í ṣe aláìní, ẹ lè má káàánú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò bí ó bá jẹ́ nọ́ọ̀sì ni ó gba ìwọ̀n oògùn lẹ́nu ẹ̀rọ, tàbí olùkọ́ ni ó gba ọdún ìtàn, tàbí akọ̀wé owó ni ó gba ìṣirò owó ìfẹ̀yìntì àwọn ènìyàn.

Kí ni ó dé tí ẹ̀rọ yìí fi ń parọ́ tí ojú kò tì í? Kò lè tì í, nítorí kò mọ̀ pé òun ń parọ́. Ohun tí ó ń ṣe kò ju pé ó ti gba ọ̀pọ̀ jaburata ìwé kọjá, ó sì kọ́ láti inú wọn irú ọ̀rọ̀ tí ó sábà máa ń tẹ̀lé irú ọ̀rọ̀. Kò mọ̀ bóyá ẹjọ́ kan wáyé. Ó mọ bí orúkọ ẹjọ́ ṣe máa ń rí. Nítorí náà ni ìdáhùn rẹ̀ fi máa ń dán, tí ó sì máa ń wọ ènìyàn lára, ìbáà jẹ́ òótọ́ tàbí irọ́. Ní èdè wa gan-an, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì ranlẹ̀, nítorí pé ìwé Yorùbá tí ó gbà kọjá kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn kan ń gbìyànjú láti tún un ṣe: ilé-iṣẹ́ Lelapa AI, tí ó wà ní Johannesburg yìí kan náà, gbé ẹ̀rọ kékeré kan tí ó pè ní InkubaLM jáde ní 2024, ó sì fi Yorùbá sí ara èdè Áfíríkà márùn-ún tí ó fi kọ́ ọ, pẹ̀lú Hausa, Swahili, Zulu àti Xhosa. Ó yẹ kí a kí wọn kú iṣẹ́.

Wàyí o, ta ni ń kọ́ òṣìṣẹ́ ní bí a ti ń lo ẹ̀rọ wọ̀nyí? Ní oṣù kìíní ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Microsoft kéde pé òun yóò kọ́ mílíọ̀nù kan ènìyàn ní Gúúsù Áfíríkà ní ìmọ̀ yìí títí di ọdún 2026. Ní oṣù kẹta ọdún kan náà, ní Johannesburg, ó tún kéde pé òun yóò fi bílíọ̀nù 5.4 owó rand kún owó tí òun ti ná sórí ẹ̀rọ àti ilé ẹ̀rọ ní orílẹ̀-èdè náà. A kò lòdì sí kí ẹnikẹ́ni kọ́ ènìyàn ní nǹkan. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹ̀kọ́ ni iṣẹ́ ẹ̀ka tiwa nínú ẹgbẹ́, a sì mọ̀ pé ibi tí olùkọ́ bá dúró sí ni ẹ̀kọ́ ti ń parí. Nígbà tí ó bá jẹ́ ẹni tí ń ta ọkọ́ ni ó ń kọ́ni lóko, yóò kọ́ ọ bí a ti ń di ọkọ́ mú, yóò kọ́ ọ bí a ti ń kọ ebè. Kò ní kọ́ ọ bí a ti ń béèrè ẹni tí ó ni oko. Mélòó nínú àwọn ìwé pélébé "ìbéèrè àádọ́ta" wọ̀nyẹn ni ẹ ti rí tí ìbéèrè kan nínú rẹ̀ jẹ́: bí iṣẹ́ mi bá di ìlọ́po méjì, kí ni kí n béèrè lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́ mi?

Wọn kì í sì sọ fún yín nípa àwọn òṣìṣẹ́ tí ó wà nínú ikùn ẹ̀rọ náà. Kí ChatGPT tó lè fèsì pẹ̀lú ọ̀wọ̀, àwọn ènìyàn ní Nairobi, ní Kẹ́ńyà, ni ó jókòó ka ọ̀rọ̀ ìríra, ìpànìyàn àti ìfipábánilòpọ̀, wọ́n ń sàmì sí wọn kí ẹ̀rọ lè mọ ohun tí kò gbọ́dọ̀ sọ. Ìwé ìròyìn TIME fi hàn ní oṣù kìíní ọdún 2023 pé owó tí ó ń wọ ọwọ́ wọn kò ju dọ́là kan àti sẹ́ńtì 32 sí dọ́là méjì lọ ní wákàtí kan. Sama ni orúkọ ilé-iṣẹ́ tí ó gbà wọ́n. Ọmọ Gúúsù Áfíríkà kan, Daniel Motaung, ti bá ilé-iṣẹ́ yìí kan náà ṣiṣẹ́ ní Nairobi ṣáájú ìgbà náà, ti Facebook ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ní 2019 ó kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì lé e. Ó pe Sama àti Meta lẹ́jọ́ ní 2022. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ọjọ́ àwọn òṣìṣẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ tí ó lé ní 150 péjọ ní Nairobi, wọ́n dìbò pé àwọn yóò dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Ẹ rí i pé àwọn tí ó mọ inú ẹ̀rọ yìí jù lọ, ẹgbẹ́ ni wọ́n sá tọ̀.

Wọ́n tún ní ẹ̀rọ yóò bá wa to èrò wa. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí ju gbogbo ìyókù lọ, nítorí ó dà bí ẹni pé òṣìṣẹ́ kò ní ọ̀nà tí ń gbà to èrò tẹ́lẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ní ìlà-oòrùn Johannesburg, ní Germiston àti Katlehong, àwọn aṣojú òṣìṣẹ́ láti ilé-iṣẹ́ oríṣiríṣi bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé nínú ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo. Ìlànà méjì ni ó gbé wọn ró. Èkíní, aṣojú kò gbọ́dọ̀ sọ lọ́dọ̀ ọ̀gá ohun tí àwọn tí ó rán an kò rán an. Èkejì, bí ó bá ti dé, ó gbọ́dọ̀ padà wá jíṣẹ́ fún wọn, kí wọ́n bi í léèrè, kí wọ́n bu ẹnu àtẹ́ lu ohun tí kò dára, kí wọ́n tún un rán. Ẹni tí ó bá ti jókòó nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ rí mọ̀ pé èrò tí ó gbé wọlé kọ́ ni ó gbé jáde. Obìnrin tí ń gbálẹ̀ yóò sọ ohun tí akọ̀wé kò rí. Awakọ̀ yóò sọ ohun tí a kò kọ sínú ìwé kankan. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè.

Ẹ̀rọ adáhùn kì í sábà bá ọ jiyàn àfi bí o bá ní kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Bí o bá bi í ní ìbéèrè tí ó ti tẹ̀ sí ọ̀nà kan, ọ̀nà náà ni ó sábà máa ń bá ọ gbà. Ó tún burú ní ti pé, ìwọ nìkan ni o ń bá a sọ̀rọ̀. Ẹni márùn-ún nínú ọ́fíìsì kan lè ní ìṣòro kan náà, kí oníkálukú wọn máa lọ bi ẹ̀rọ ní kọ̀rọ̀ pé: "Báwo ni mo ṣe lè fara da iṣẹ́ tí ó pọ̀ jù?" Ẹ̀rọ yóò kọ́ wọn ní mímí kanlẹ̀ àti títo iṣẹ́ ní ipele-ipele. Kò ní sọ fún wọn pé ẹni mẹ́rin mìíràn ń béèrè ohun kan náà nínú yàrá kan náà.

Báwo wá ni kí a ṣe lò ó? Ẹ kọ́kọ́ kọ èrò tiyín sílẹ̀, ìbáà jẹ́ ìlà mẹ́wàá tí kò dán, kí ẹ tó ṣí ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fún un ní iṣẹ́ alátakò. Ẹ sọ fún un pé: "Agbanisíṣẹ́ ni ọ́. Ohun tí a fẹ́ béèrè nìyí. Fún mi ní ìdí márùn-ún tí o fi lè kọ̀ ọ́." Ẹ ó rí i pé ó wúlò níbẹ̀, nítorí ẹ ó ti mọ ọ̀rọ̀ ọ̀gá kí ẹ tó wọ yàrá ìdúnàádúrà. Ó wúlò fún kíkó ìwé gígùn kúrú, fún títún lẹ́tà kọ, fún títúmọ̀ gbólóhùn òfin tí ó le sí ọ̀rọ̀ tí ó rọrùn, bí ẹ bá ti gbé òfin náà gan-an síwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà òfin, orúkọ ẹjọ́, ọjọ́ àti iye owó tí ó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde, ẹ máa kà á sí àhesọ títí ẹ ó fi rí i nínú ìwé tòótọ́. Ẹ má sì ṣe fi orúkọ ọmọ ẹgbẹ́, nọ́ńbà fóònù rẹ̀, àìsàn rẹ̀, tàbí ẹ̀sùn tí ó fi kan ọ̀gá rẹ̀ sínú rẹ̀ láé, pàápàá lórí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́. Ohun tí ẹ bá kọ sí i ti kúrò lọ́wọ́ yín.

Ìyẹn ni apá tí ẹnìkan lè dá ṣe. Apá tí ó ṣe pàtàkì jù, orí tábìlì ìdúnàádúrà ni ó wà, ó sì tó àkókò kí gbogbo ẹ̀ka gbé e síbẹ̀. Kí agbanisíṣẹ́ sọ fún ẹgbẹ́ ṣáájú kí ó tó mú ẹ̀rọ adáhùn wọ ibi iṣẹ́, kí ó sọ iṣẹ́ tí yóò fi ṣe, àti ẹni tí yóò kàn. Kí ó ra irinṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, kí ó sì kọ́ òṣìṣẹ́ ní àkókò iṣẹ́, kì í ṣe ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Kí a má ṣe fi kún ìwọ̀n iṣẹ́ ojúmọ́ láìjẹ́ pé ẹgbẹ́ fọwọ́ sí i. Kí àkókò àyẹ̀wò wà nínú ìwọ̀n iṣẹ́ náà, kí a kọ ọ́ sílẹ̀ ní dúdú àti funfun. Bí ẹ̀rọ tí agbanisíṣẹ́ pàṣẹ pé kí a lò bá ṣe àṣìṣe, kí òṣìṣẹ́ tí ó tẹ̀lé ìlànà má ṣe fojú winá ìbáwí. Àti wákàtí tí a bá jèrè: kí a pín in, yálà nípa dídín wákàtí iṣẹ́ kù tàbí nípa àfikún owó. Ẹ má ṣe gbà kí wọ́n fi ìyìn "òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ jù lóṣù" pín in fún yín.

Òfin kò ṣófo pátápátá. Ní Gúúsù Áfíríkà, apá 189 òfin ìbáṣepọ̀ iṣẹ́ ti 1995 pàṣẹ pé, ní kété tí agbanisíṣẹ́ bá ti ń gbèrò láti dín òṣìṣẹ́ kù nítorí ètò iṣẹ́ tàbí ẹ̀rọ tuntun, ó gbọ́dọ̀ bá ẹgbẹ́ jíròrò, kí ó sì kọ ìdí rẹ̀ fún wọn. Apá 71 òfin wọn lórí ìwífún ẹni, ti 2013, tún dáàbò bo ènìyàn kí a má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rọ nìkan dá ìdájọ́ lé e lórí, ó sì dárúkọ bí ènìyàn ṣe ń ṣe lẹ́nu iṣẹ́ ní pàtó. Ní Nàìjíríà, apá 20 òfin iṣẹ́ wa sọ pé kí agbanisíṣẹ́ jẹ́ kí ẹgbẹ́ tàbí aṣojú òṣìṣẹ́ mọ ìdí tí òun fi fẹ́ dín ènìyàn kù àti bí yóò ti pọ̀ tó. Ó rọ̀ ju ti àwọn ará ibẹ̀ lọ, nítorí kí a sọ fún ni kò tó kí a bá ni jíròrò; síbẹ̀ ẹ dì í mú. Apá 37 òfin ààbò ìwífún ti 2023 sì fún wa ní ẹ̀tọ́ lórí ìpinnu tí ẹ̀rọ bá dá ṣe. Mélòó nínú yín ni agbanisíṣẹ́ ti ka apá wọ̀nyí sí létí níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fi yín ṣe?

Nítorí náà, kí akọ̀wé ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan fi ọ̀rọ̀ yìí sí ìpàdé tí ń bọ̀. Kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín: ta ni ó ti ń lo ẹ̀rọ adáhùn níbi iṣẹ́, ta ni ó ń san owó rẹ̀, mélòó ni iṣẹ́ ojúmọ́ fi pọ̀ sí i láti ìgbà tí ó ti dé, ta ni wọ́n sì ti bá wí nítorí àṣìṣe rẹ̀. Kí ẹ kọ ìdáhùn sílẹ̀ láìfi orúkọ ẹnikẹ́ni sí i. Ẹ̀ka tí ó bá ti ní àdéhùn pẹ̀lú agbanisíṣẹ́ rẹ̀ lórí èyíkéyìí nínú ohun tí a kà sókè yìí, kí ó fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ní olú ilé ẹgbẹ́, kí a lè tẹ̀ ẹ́ fún àwọn ẹ̀ka yòókù láti mú lọ sí tábìlì tiwọn.